Ẹni Tó Jókòó Níwájú Bàálù Kì í Sùn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọnú iṣẹ́ ọkọ̀, ìfọ́tí ni ọ̀gá mi fi kí mi káàbọ̀. A gbéra ní gáréèjì Ọ̀wọ̀, à ń lọ sí Ifọ̀n, wọ́n sì ní kí n jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, iyán Ùsò tí mo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà sì ń ṣiṣẹ́ nínú mi. Mo gbé orí lé fèrèsé. Àfi gbòà! Mo rò pé táyà ló bẹ́.

"Ta ní kó o sùn?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Oorun ló gbé mi."

"Tó bá gbé ọ, ó máa gbé èmi náà, á sì kó gbogbo wa lọ síbi tí a ò sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó níwájú kì í sùn!"

Òfin tí mo kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí jáàkì. Ìwé kẹta ni mo kà dé, mi ò lè fi ìwé ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n gbogbo awakọ̀ tó bá dàgbà sórí títì mọ̀ pé oorun máa ń ràn bí ojú pípọ́n. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà bá ń tòògbé, kí ọkọ̀ tó gun òkè kan tán, dẹ́rẹ́bà náà á ti máa mirí. Ìdí nìyẹn tí ìjókòó iwájú fi jẹ́ ipò iṣẹ́, kì í ṣe ipò ọlá. Ọ̀rọ̀ sísọ niṣẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀. Ó lè ròyìn, ó lè jà, ó lè kọrin ìjọ wọn, kó ṣáà má dákẹ́.

Bí ẹ bá rò pé mò ń parọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́bàá ìlú Arimogija. Bàbá kan tó sanra bí àpò gàrí ló jókòó níwájú lọ́jọ́ yẹn. Kò pẹ́ tó fi sùn. Ọ̀gá mi náà sùn. Àwa tá a wà lẹ́yìn sùn. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ wá yà kúrò ní títì, ó rọra gba àárín oko àgbàdo kọjá, kò tẹ ebè kan mọ́lẹ̀, ó sì lọ dúró wọ́ọ́ lẹ́nu ahéré àgbẹ̀ kan. Àgbẹ̀ náà rò pé àwọn oníbàárà òun ló dé. Kò jí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di àgbàdo sọ́kọ̀. Ìgbà tí ọ̀gá mi máa fi lajú, ọkọ̀ ti kún, ìyàwó àgbẹ̀ sì ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n á mu omi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó lọ bi àgbàdo. Mo jẹ níbẹ̀.

Nígbà tí èmi náà di ọlọ́kọ̀, ìṣòro mi ni ẹni tí màá fi síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa ń sáré gba ibẹ̀ kí aṣọ wọn má baà rún, àwọn náà ló sì máa ń kọ́kọ́ hanrun. Àfi ìgbà tí mo pàdé Ìyá Bọ́lá, kó tó di ìyá ẹnikẹ́ni. Iṣu ló máa ń kó láti Ifọ̀n wá sọ́jà Ọ̀wọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi láti ibi tó ti wọkọ̀ títí dé ibi tó ti máa sọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹwà rẹ̀ ni mo rí. Ẹwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ni mo fẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó títí mo fi gbé ọkọ̀ kalẹ̀, òun ló ń jókòó níwájú. Bó bá rí i pé ojú mi ń wálẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn mí o. Á kàn wo ìta, á ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n yín ti ta ilẹ̀ ìdí ọsàn yẹn?" Inú á bí mi débi pé mi ò ní ṣẹ́jú mọ́ títí a ó fi wọ Ọ̀wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò ta ilẹ̀ kankan rí. Ilẹ̀ tí kò tà yẹn ló ń gbé wa délé. Mi ò kó èrò sí kòtò rí láyé mi, Ìyá Bọ́lá ò sì sùn nínú ọkọ̀ rí, kódà nígbà tó lóyún Bọ́lá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mò ń lọ. Lẹ́yìn tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, Ìyá Bọ́lá yọ̀ ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí. Egungun ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ ò padà sípò. Bó bá jókòó pẹ́, ẹsẹ̀ òsì á kú tipiri, á sì dìde ní títẹ̀ bí èèkù ọkọ́. Bọ́lá, ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ká wá lo họlidé àwọn ọmọ òun lọ́dọ̀ òun, òun á sì mú ìyá òun lọ rí dókítà. Họlidé ìgbà oòrùn ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ní Ọ̀wọ̀ níbí, òjò ò jẹ́ ká sá láfún. Ó ra ìjókòó fún wa níwájú bàálù, níbi tí àwọn olówó máa ń wà, nítorí pé ìjókòó ibẹ̀ máa ń di bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ gbọ́ o," ó sọ fún mi lórí fóònù. "Ìbàdí Màmi ò lè gba ìjókòó láti Èkó dé ibí. Wọ́n gbọ́dọ̀ nà gbalaja. Bí wọn ò bá nà, ẹsẹ̀ yẹn lè má gbé wọn mọ́. Ẹ̀yin ni mo fi ṣọ́ wọn."

"Fọkàn balẹ̀," ni mo wí. "Mo ti gbé ọkọ̀ gba ibi tí ewúrẹ́ ń bẹ̀rù. Ìyá rẹ á sùn."

Àárọ̀ ni bàálù máa gbéra, nítorí náà a ti wọ Èkó lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọ̀nà yẹn nìkan ti fojú Ìyá Bọ́lá rí màbo, torí iwájú ló jókòó sí, ó sì ń bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ láti Ọ̀wọ̀ dé Èkó láì fẹ̀yìn ti nǹkan kan. Nígbà tá a máa wọnú bàálù, ọ̀pá ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, èmi ni mo wà lọ́wọ́ òsì.

Ìjókòó ọ̀hún! Ó fẹ̀ ju yàrá tí mo gbé nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ. Bọ́tìnnì kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan, ẹsẹ̀ mi gbéra nílẹ̀, mo kígbe pé, "Bíréèkì!" Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú èrò sáré dé. Ọmọ Yorùbá ni, Ṣadé lorúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì rọra dá ẹsẹ̀ mi padà sílẹ̀.

"Ọmọ mi," Ìyá Bọ́lá bi í, "ṣé iwájú la wà yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Iwájú pátápátá."

Ìyá Bọ́lá tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé le dan-in dan-in, ó jókòó ṣánṣán. Mo mọ ohun tí gèlè yẹn ń wí.

Bàálù gbéra. Nígbà tó ti dúró dáadáa lójú sánmà, Ṣadé dé láti wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló fẹ́ sùn?" Ìyá Bọ́lá bi í.

"Ẹ̀yin ni mà."

"Níwájú? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, dẹ́rẹ́bà tibí wà nínú yàrá tiẹ̀, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn pa. Oorun rẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Ilẹ̀kùn wo ni oorun ń kàn kó tó wọlé?"

Mo yíjú sí Ṣadé. "Bá mi sọ fún wọn."

"Ẹ má bẹ̀rù mà, àwọn méjì ni wọ́n ń wà á. Bí ọ̀kan bá ń sinmi, èkejì á wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan, Bàbá Bọ́lá? Ọ̀kan ti ń sùn!"

Ọmọ yẹn ba tèmi jẹ́. Mo ní kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Mo nà gbọọrọ, mo dijú. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìgbọ̀nwọ́ ní ìhà mi.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi lófin!"

Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Mi ò sì lè sọ fún un pé irọ́ lòfin náà, torí kì í ṣe irọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Òógùn ti yọ nímú rẹ̀ nínú òtútù yẹn, ó di apá ìjókòó mú bí ẹni di okùn kànga mú, ẹsẹ̀ òsì ti ń gbọ̀n. Ọ̀nà sì ṣì jìn. Mo bi ara mi pé bí mo bá gbé obìnrin yìí sọ̀ lọ́hùn-ún tí kò lè rìn, ojú wo ni màá fi wo Bọ́lá? Mi ò jiyàn mọ́. Mo dìde.

"Ìyá Bọ́lá, ó tó. Mo fẹ́ pààrọ̀ iwájú."

Ó gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ gáréèjì wa ni, ó sì mọ̀ ọ́n. Bó bá rẹ ẹni tó wà níwájú, a kì í fi dandan mú un jókòó. Dẹ́rẹ́bà á dúró, ẹlòmíì á bọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́jú lójú gbogbo èrò, kó jẹ orógbó, kó sì sọ pé òun gbà á. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ọrùn ẹ̀ ló wà.

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Àlùfáà ló ń wa ìyẹn. Kò kàn mí."

"Ẹ bọ́jú kí n rí i."

Ṣadé ti pín aṣọ ìnujú kékeré gbígbóná fún wa. Mo fi bọ́jú títí ojú mi fi pọ́n. Mo yọ orógbó lápò, mo rún un wómúwómú. Mo ní, "Mo gbà á."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Bọ́lá tó jẹ́ kí Ṣadé tẹ ìjókòó náà sílẹ̀. Ó kérora bí ìbàdí rẹ̀ ṣe ń nà, ó sì nàka sí mi láti abẹ́ aṣọ ìbora. "Ẹ máa sọ̀rọ̀ o. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn yín, mo máa dìde."

Iṣẹ́ dé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù wà ní òdìkejì wa, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo kí i, mo sọ ti Arimogija fún un. Mo sọ bí Ìyá Bọ́lá ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ jí mi. Mo sọ ti ewúrẹ́ èrò kan tó bá mi di sítíárìn mú nígbà tí mo fẹ́ sín.

"Bàbá, ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ tó gbọ́n ni. Ó ti bímọ."

Ṣadé sáré dé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn míì fẹ́ sinmi."

Mo panu mọ́. Kíá ni aṣọ ìbora mì. "Bàbá Bọ́lá?"

"Mo wà níbí o!"

Mo ṣàlàyé fún Ṣadé. Ó wo ẹsẹ̀ òsì Ìyá Bọ́lá. Kò gbọ̀n mọ́. Ló bá ní kí n bọ́ sórí àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà, kí n máa sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà. Mo fi oúnjẹ sẹ́nu, mo ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé tíì wá, mo ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tá a dé orí aṣálẹ̀, ìtàn mi tán. Iyanrìn lọ súà nísàlẹ̀, kò sí igi, kò sí gáréèjì. Oorun gùn mí lọ́rùn bí ọmọ. Mo já ara mi léèékánná nítan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ̀n, kọ́nà kan tẹ̀lé kọ́nà kan, kòtò kan tẹ̀lé kòtò kan, pẹ̀lú orúkọ tí mo sọ ìkọ̀ọ̀kan. Mo dé Ifọ̀n, mo ṣẹ́rí padà, mo tún ń kà á bọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ojú mi pàdé.

"Bàbá!" Ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù ni. "Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ò tíì ta ilẹ̀ ìdí ọsàn yẹn ṣá?"

Inú bí mi! Ìbínú yẹn ló gbé mi kọjá òkun.

Nígbà tí bàálù ń sọ̀ kalẹ̀, Ṣadé jí Ìyá Bọ́lá. "A ti dé?" ló bi mí. Mo lanu, ohùn ò jáde. Ó ti lọ.

Ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù ló dáhùn. "Ẹ ti dé mà. Wọn ò sùn."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìyá Bọ́lá gbé ẹsẹ̀ òsì lélẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń dán afárá wò. Ó dìde. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi dúró ṣánṣán, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi kí n máa bá òun mú un.

Bọ́lá àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń dúró dè wá níta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn.

"Màmi, ẹ káàbọ̀! Ẹ jókòó, ẹ jókòó."

"Kì í ṣe èmi. Bàbá yín ló ṣiṣẹ́."

Mo jókòó síbẹ̀. Bọ́lá ní kí n ròyìn bí ìrìn àjò ṣe rí, àwọn ọmọ sì kóra jọ síwájú mi. Wọ́n ní híhanrun ni mo fi dá wọn lóhùn. Wọ́n ní Ìyá Bọ́lá ló ti kẹ̀kẹ́ náà dé ibi tí ọkọ̀ wà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.