Ẹran Inú Abọ́ Bàbá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Fìdítì, iṣẹ́ méjì ló máa ń dúró dè mí tí mo bá ti ilé ìwé dé: kí n gbé oúnjẹ fún Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, kí n sì ka Bíbélì fún un tó bá jẹun tán. Bàbá ti fọ́jú kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà á rántí ebi ọ̀sán ayé ìgbà yẹn, tí òórùn iyán gbígbóná á ti pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, tí ọsàn tí a mu bọ̀ láti ilé ìwé kò sì ní ran ebi náà rárá.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ló ń bu oúnjẹ. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é. Òun náà kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ; Ìdílẹ̀kẹ̀ ló sọ mí. Ẹran mẹ́ta ló máa ń fi sínú ọbẹ̀ Bàbá. Lọ́jọ́ kan, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo mú ọ̀kan, mo jù ú sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, kò sí ọ̀rẹ́ tó tì mí sí i. Mo kàn rántí pé Bàbá ò ríran. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti ń mú méjì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá kí Bàbá lọ́jọ́ kan, ó bá a lẹ́nu oúnjẹ. Ó rí ẹran kan ṣoṣo nínú abọ́. Ó pe Ìyàwó síta lójú gbogbo ilé.

"Ṣé bí o ṣe ń bọ́ afọ́jú nìyí?"

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Mẹ́ta ni mo fi sí i, mà."

Wọ́n bi èmi tí mo gbé e léèrè. Mo ní ẹyọ kan ni mo bá nínú ọbẹ̀. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ìyàwó di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé àwọn òbí rẹ̀ lọ ní Akínmọ̀ọ́rìn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tíṣà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì bi wá pé níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ ti wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní ọ̀dọ̀ Ádámù ni, pé gbogbo wa la jogún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bàbá ní kí n ka ìtàn ọgbà Édẹ́nì. Mo kà á dé ibi tí Ádámù ti di ẹ̀bi ru ìyàwó rẹ̀, tí ìyàwó náà sì di í ru ejò. Ó ní kí n dúró.

"Ejò ńkọ́? Ta lòun di ẹ̀bi rù?"

"Kò sọ nǹkan kan, Bàbá."

Ó gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ imú. "Ó ti pẹ́ tí ìwé yìí ti ń rùn bí ọbẹ̀. Àdùkẹ́, lọ sọ fún wọn."

Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la dé, ọ̀tunla dé, ẹgba bàbá mi ni mo ń rò.

Nígbà tí Bàbá retí títí, ó ní kí wọ́n lọ mú Ìyàwó wá. Ó bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ilé. Ó ní òun ti jẹ ẹran méjì kí wọ́n tó bá òun lọ́jọ́ náà, òun ló gbàgbé, ọmọ ò sì yẹ inú ọbẹ̀ wò dáadáa. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. N ò jáde.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé Bàbá ti ń ṣarán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ rẹ̀, wọn ò bi í mọ́. "Ẹ jẹ́ kí Bàbá sinmi," ni wọ́n ń wí, títí ó fi kú.

Lọ́dún yìí ni mo tó lọ bá Ìyàwó ní Awẹ́, níbi tó ń gbé báyìí, mo jẹ́wọ́ fún un. Gbáàgúdá ló ń bó. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Ìdílẹ̀kẹ̀, mo ti dárí jì ẹ́," ló wí. Ó mú gbáàgúdá mìíràn. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sọ kiri pé Bàbá ti ń ṣarán. Inú ló ń bí mi."

Mo jókòó tì í, mo bá a bó èyí tó kù.

Láyé ìgbà náà, wọ́n á nà wá, a ó sunkún, ọ̀rọ̀ á parí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, "sọ́rì" ni wọ́n ń sọ, wọ́n á sáré padà sídìí eré. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn kan lára wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlọrà. Tí a bá dé orí ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti wá, ti Ádámù ni mo ṣì ń sọ fún wọn, nítorí ohun tí a gbà gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ n kì í lè wò wọ́n lójú tí mo bá ń sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ti ẹran Bàbá.