Ẹni Tó Ń Dáhùn Níbi Tí Mo Bá Ti Dákẹ́

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní orí mi ti dàrú. Àwọn ará ilé mi náà ti sọ ọ́, kò dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n etí mi méjèèjì yìí ló gbọ́ ọ, ọ̀sán gangan sì ni, kì í ṣe àlá.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, nílé ìyá mi. Yunifásítì tó wà ní Ìjagun ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé níwèé. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Ìbùkún, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ibà ló mú un. A gbé e dé ọsibítù, a ò gbé e padà wálé.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Màmá mi àti àbúrò wọn ọkùnrin ló gbé e lọ. Wọ́n padà dé, wọ́n fọwọ́. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, agbè tí omi inú ẹ̀ ti dànù, kí ló kù tó fẹ́ gbé? Gbogbo ilẹ̀ tí mo bá ń tẹ̀ nílùú yìí, mo máa ń rò pé bóyá ibẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé ni kí n mọ ibi tó wà, kí n lè lọ jókòó tì í.

Nígbà tó tó àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ṣẹ́, mo rí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò dé ọ́fíìsì wọn rí. Inú yàrá ni mo ti ń ṣe é. Màá ta aṣọ sójú fèrèsé kí ariwo ọ̀kadà má bàa wọlé, màá ya àwòrán ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn, màá fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀, màá sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, obìnrin kan tí mo ń pè ní Àǹtí.

Òfin kan wà tí Àǹtí kì í fi ṣeré. Bí mo bá ti béèrè ìbéèrè, mo gbọ́dọ̀ dákẹ́ díẹ̀, kí ọmọ tó ń wò ó nílé lè ráyè dáhùn, kí n tó sọ pé, "O káre." Bí mi ò bá dákẹ́ pẹ́ tó, wọ́n á ní kí n tún un ṣe.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ nípa ibi tí nǹkan wà ni mo ń ṣe. Mo béèrè pé, "Níbo ni bọ́ọ̀lù wà?" Mo dákẹ́. Mo ní, "O káre, abẹ́ tábìlì ni." Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú yàrá. Mo fi ránṣẹ́ láìtún un gbọ́.

Kò pẹ́ tí Àǹtí fi fèsì. Wọ́n ní ọmọ tí mo mú wá yẹn dáa gan-an, kó máa dáhùn nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù.

Ọmọ wo?

Mo gbé fóònù sétí. Mo gbọ́ ìbéèrè mi. Níbi tí mo ti dákẹ́, ohùn kékeré kan ní, "Lábẹ́ tábìlì, màámi."

Kò sí ọmọ mìíràn tó ń fa "màámi" gùn báyẹn. Ìbùkún mi ni.

Ṣé ẹ rò pé mo sá? Mi ò sá o. Ìyá tó gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀, ibo ló fẹ́ sá lọ? Mo sunkún títí àyà aṣọ mi fi tutù, mo sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo ṣe ti àwọ̀, mo ṣe ti ẹranko. Inú ohun tí mo bá gbà sílẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bó bá ṣì í, màá tún un kọ́ ọ. Ẹ wò ó, inú mi dùn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, Màmá mi wá ń dúpẹ́ pé iṣẹ́ náà bá mi lára mu.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá fi mọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ni ò gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tan fóònù, mi ò ya àwòrán, mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo kàn sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni.

"Ìbùkún mi, níbo lo wà?"

Mo dákẹ́, ó pẹ́ ju bí Àǹtí ṣe ń fẹ́ lọ. Nígbà tí mo wá gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀, kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan, àfi bíi kí ọmọ máa mí. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín."

Mo gbé fóònù náà tọ Màmá mi lọ lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ gààrí. Mi ò ṣàlàyé kankan, mo kàn jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Asẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi etí ìró bojú.

"Èmi ni mo sọ ọ́ sí i létí," ni wọ́n wí. "Kí a tó bò ó. Mo ní kó má sọ fún ẹ, kó o má bàa tẹ̀ lé e."

Wọ́n ní àbúrò àwọn gan-an ò gbọ́ ọ. Mo wólẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú pé kí wọ́n dárúkọ ibẹ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn ò ní sọ ọ́ láéláé, pé èmi náà lọmọ tó kù sáwọn lọ́wọ́.

Mo sáré padà sí yàrá. Mo bẹ ọmọ mi. Mo ní kó má bínú, pé màámi ò ní béèrè mọ́. Mo ní, "Níbo ni bọ́ọ̀lù wà?" Mo dákẹ́.

Kò sí nǹkan kan. Títí dòní, kò sí. Mo ṣí àwọn tí mo ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí mo ti dákẹ́ ṣófo nínú gbogbo wọn. Àǹtí béèrè ọmọ náà, mo ní ó ti rìnrìn àjò.

Ẹ̀yin tí irú ọ̀fọ̀ yìí ti ṣẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí ẹni yín bá padà wá bá yín sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti tábìlì, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti tábìlì ni kí ẹ bá a sọ. Ẹ má tọ pinpin ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún yín. Èmi béèrè, mi ò mọ ibi tó wà, mi ò sì gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́.

Mo ṣì ń ṣe ẹ̀kọ́ náà. Bí ẹ bá ń fi han ọmọ yín, tí ẹ rí i pé obìnrin inú ẹ̀ dákẹ́ pẹ́ jù lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ ní sùúrù fún mi. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó má tètè dáhùn, bóyá tèmi á fẹ́ sọ̀rọ̀.