Omi Ẹ̀rọ Ẹ̀yìn Kóòtù

Ẹni tó bá jókòó sáàárín orúnkún Sàdíátù onídìrí ní Òkèrèwè lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ara ọwọ́ rẹ̀ ló ti máa mọ ibi tí ẹjọ́ dé. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, ìka rẹ̀ á máa rìn nínú irun bí ẹni tó ń ka tẹ̀súbà. Bí ìròyìn kóòtù bá sì sún mọ́lé, á fa irun náà títí ojú onírun á fi le kankan.

"Sàdíátù, rọra," ni Ìyá Ọlátúnbọ̀sún, aládùúgbò wa, sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Orí mi kọ́ ló ń jẹ́jọ́."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́ràn."

"Bí kò bá gbọ́ràn, ní kó lọ fa irun Má-rẹ́rìn-ín."

Má-rẹ́rìn-ín ni gbogbo ayé ń pe Ọlátẹ́jú Lágúnjú, aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n. Bó ti wù kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó, ojú tirẹ̀ kì í tú ká. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni agboolé wa máa ń kún pálọ̀ Ìyá Ọlátúnbọ̀sún láti wò ó, Raheemah, ọmọ Sàdíátù, ló sì máa ń jókòó síwájú pátápátá. Ìdí nìyẹn tó fi dá a mọ̀ kíákíá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbá Bàbá Adéagbo, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́nà Ìlódè. Ilé-kéú mi ni ọmọ náà ti ń bọ̀, wàláà rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá Bàbá Adéagbo. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, dẹ́rẹ́bà Lágúnjú ló jáde pé òun lòun wa ọkọ̀. Raheemah ní rárá, Má-rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ló wà nídìí ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà wà lẹ́yìn.

Ìwó ni baba Sàdíátù ti wá, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ níbí ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Raheemah ṣì ń rá kòrò. Ohun tó fi kọ́ ọmọ náà kò pọ̀: kò gbọdọ̀ purọ́, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan Àlùkùránì láìṣe àlùwàlá. Àwọn èèyàn ní kó mú ọmọ rẹ̀ dákẹ́, pé ta ló rán ọmọdé níṣẹ́ ẹlẹ́rìí. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ lọ sí tẹ́ṣàn.

Ní kóòtù, akọ̀wé na Àlùkùránì sí ọmọ náà pé kó búra. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Mi ò ní àlùwàlá," ló wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́, àgbàlagbà kan báyìí, yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú un lọ síbi omi. Sàdíátù bá a dé ibi ẹ̀rọ ẹ̀yìn kóòtù. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, omi ń kán nígùnpá ọmọ náà.

"Ọmọ yìí mọ Ọlọ́run ju àwa tí a wà níbí lọ," ni adájọ́ wí. "Ẹ jẹ́ kó búra."

Ó búra, ó sì sọ ohun tó rí. Lọ́yà Lágúnjú lọ́ ọ títí, kò yẹ̀. Wọ́n dá Lágúnjú lẹ́bi, wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n. Ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì gba béèlì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú Sàdíátù.

"Àáfà, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ni mò ń wá kiri," ló sọ fún mi. "Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ọmọ mi ló máa di onírọ́ nígboro."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí òtítọ́ sùn síta. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú.

Èmi ni mo sìn ín lọ sí kóòtù gíga lọ́jọ́ ìdájọ́. Èdè òyìnbó ni adájọ́ ibẹ̀ fi ń ka ìdájọ́ bọ̀, kò sì yé àwa méjèèjì. Ojú Lágúnjú la fi mọ̀ pé wọ́n ti dá a sílẹ̀. Má-rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Lọ́yà ìjọba, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnlọ́lá Ọdẹ́wálé, wá bá wa níta.

"Ẹ má bínú, Ìyá Raheemah. Adájọ́ kò sọ pé ọmọ yín purọ́."

"Kí ló wá sọ?"

"Òfin ní kí ọmọdé tó búra, kí adájọ́ kọ́kọ́ bi í bóyá ó mọ ohun tí ìbúra jẹ́, kó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Adájọ́ ti ìṣáájú kò bi í. Ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ni ẹjọ́ yìí dúró lé, ẹ̀rí náà sì ti bàjẹ́."

"Ṣebí ó fojú ara rẹ̀ rí ọmọ tó lọ ṣe àlùwàlá."

"Ó rí i, mà. Kò bi í ni."

Inú bí mi. Mo ní ṣé torí ìbéèrè kan péré ni gbogbo òtítọ́ yẹn ṣe máa dòfo. Ó yíjú sí mi, kò fi mí ṣẹ̀sín rárá.

"Àáfà, ẹni tó bá kírun láìṣe àlùwàlá ńkọ́, tó sì fi gbogbo ọkàn kí i?"

Sàdíátù ló bá mi dáhùn.

"Ìrun rẹ̀ bàjẹ́," ló wí, ó sì ń wo ilẹ̀.

Kí Sàdíátù tó délé, ìgboro ti sọ fún Raheemah pé ẹ̀rí rẹ̀ bàjẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí Sàdíátù bá pọn omi sínú bútà, kò ní pẹ́ tí á fi bá a lófìfo. Ọmọ ń ṣe àlùwàlá, ó ń tún un ṣe, àkókò ìrun kò sì tíì tó. Ìyá rẹ̀ fà á wá sọ́dọ̀ mi.

"Àáfà," ni ọmọ náà wí, "mi ò fomi yọ ẹnu dáadáa ní kóòtù. Wọ́n ń dúró dè mí, mo bá yára. Ṣé ìyẹn ló bà á jẹ́?"

Mo ní rárá, pé àgbàlagbà ló ṣàṣìṣe, kì í ṣe òun. Ó wò mí bí ẹni pé mo kàn ń rẹ òun lẹ́kún.

Mi ò sọ èyí tó wà nínú mi fún ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá dìde láti kírun, ọkàn mi máa ń sọ pé bóyá ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Mo ṣì ń kírun náà.

Nígbà tó yá, Má-rẹ́rìn-ín padà sórí tẹlifíṣọ̀n. Mo rò pé Sàdíátù kò ní lọ wò ó ní pálọ̀ Ìyá Ọlátúnbọ̀sún.

"A máa lọ," ló wí. "Bí a bá jókòó sílé, wọ́n á ní ojú ń tì wá."

Ẹnu ọ̀nà ni òun àti ọmọ jókòó sí. Pálọ̀ ń rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì kò mira. Adéwálé télọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, yíjú padà.

"Raheemah, wò ó dáadáa. Ṣé òun ni, àbí dẹ́rẹ́bà rẹ̀?"

"Adéwálé, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ni Ìyá Ọlátúnbọ̀sún wí.

"Mo kàn ń bi í ni, Ìyá. Ìbéèrè kọ́ ni wọ́n ní wọn ò bi í?"

Ọwọ́ Sàdíátù wà nínú irun ọmọ rẹ̀. Mo rí i tó dì í mú, mo rí bí iwájú orí ọmọ náà ṣe le. Raheemah rọra yọ orí rẹ̀ kúrò, ó dìde, ó jáde.

"Ó ti sá," ni Adéwálé wí.

Sàdíátù yíjú síta. Ó ń tẹ́tí. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, a gbọ́ tí bútà kan ilẹ̀, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó dà, ó dá, ó tún dà. Ọmọ náà kò yára lọ́tẹ̀ yìí.

Ó wọlé, ojú rẹ̀ tutù, omi ń kán nígùnpá rẹ̀ sórí káńpẹ́ẹ̀tì onílé.

"Òun ni," ló wí fún Adéwálé. "Dẹ́rẹ́bà wà lẹ́yìn."

Má-rẹ́rìn-ín ṣì ń ṣe tirẹ̀ lọ nínú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ọlátúnbọ̀sún mú aṣọ ìnulẹ̀, ó nu omi náà, kò bá ọmọ wí. Mo wo ọwọ́ Sàdíátù. Ó wà lórí itan rẹ̀, kò fa ohunkóhun.