Kọ́kọ́rọ́ Wà, Àṣẹ Ò Sí

Òórùn kọ́rì àti ọṣẹ ìfọlẹ̀ ni mo fi ń rántí ẹlifétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé wa ròkè rodò, nínú ilé alájà púpọ̀ wa ní Rexdale lókè òkun. Èmi àti Uncle tó ń gbé lókè wa la jọ máa ń wọ̀ ọ́ láàárọ̀, a ó sì máa jiyàn Nàìjíríà títí a ó fi délẹ̀. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nílé, ní Nàìjíríà. Wọ́n ní "ìjọba àpapọ̀" ti túmọ̀ ara rẹ̀: kí gbogbo agbára papọ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan. Èmi ní rárá, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa pàṣẹ ilé ara rẹ̀, kí Àbújá mójú tó ohun tó kan gbogbo wa. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọmọdé ló ń dà mí láàmú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú, ẹ̀rọ náà há sáàárín àjà méjì, àwa méjèèjì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni Uncle ń lọ ṣe. Wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ wọn, wọn ò sì tíì jẹun. Kò pẹ́ tí ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òógùn bò wọ́n. Mo tú báàgì mi láti wá nǹkan dídùn fún wọn, omi lásán ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí, mo sì ń lu ilẹ̀kùn.

Ẹni tó ń bójú tó ilé wa ló kọ́kọ́ dáhùn láti ìta. Ó ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun, òun sì mọ̀ ọ́n ṣí, àmọ́ ọ́fíìsì àgbà tó wà ní ìlú míì ló gbọ́dọ̀ fàṣẹ sí i, wọn ò sì gbé fóònù. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun ń wọ́.

Uncle ti jókòó sílẹ̀. "Ṣé ó ń gbọ́ wa?"

"Ó ń gbọ́, sà."

"Ta wá ni onítọ̀hún ń pè?"

"Àwọn tí kò gbọ́ wa, sà."

Uncle fẹ̀yìn ti ògiri, ojú wọn ń pa dé. Mo di ọwọ́ wọn mú, ó tutù. Mo rántí gómìnà wa nílé, tí àwọn ajínigbé ń da ìlú rẹ̀ rú, tí kọmíṣánnà ọlọ́pàá sì jókòó tì í, tó ń retí àṣẹ láti Àbújá.

Àwọn panápaná ìlú ló ṣílẹ̀kùn nígbẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ tiwọn ni wọ́n lò, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Aládùúgbò wa kan gbé omi ọsàn wá. Nígbà tí ojú Uncle là díẹ̀, wọ́n bi ọ̀kan nínú àwọn panápaná náà bóyá Ottawa, olú ìlú ibí, ló rán wọn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní Ottawa ò mọ̀ pé wọ́n há rárá.

Uncle wò mí títí. "Àpapọ̀," wọ́n ní, "kì í ṣe àpòpọ̀."

A ò jiyàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Iyàn náà ń wù mí, àmọ́ bí a bá ti wọ ẹlifétọ̀, tó bá ti mì díẹ̀, àwa méjèèjì á gbójú sókè wo ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa nílé là ń rò, tí wọ́n ṣì há síbẹ̀, tí wọ́n ń lu ilẹ̀kùn.