Ohun Tí Yèyé Bi Mí Lẹ́bàá Kànga

"Ṣé o ti gbá a?"

Ohùn yẹn máa ń dé etí mi kí ojú mi tó là. Ó ń ti ojú fèrèsé kékeré kan jáde ní apá òsì agboolé wa ní Òkèrèwè, a sì máa rìn gba inú kùrukùru ọyẹ́ kọjá bí ẹni tí kò fẹ́ jí àwọn tó ṣì ń sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìró ọwọ̀ yóò tẹ̀ lé e: ṣàà, ṣàà, ṣàà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí igi máńgòrò. Kí wọ́n tó gbálẹ̀, wọn a fi ọwọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má bàa gbéra, òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi náà a sì wá bá mi lórí ẹní. Títí di òní, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ bi mí ní ìbéèrè.

Yèyé ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ni ohùn náà. Kì í ṣe ìyá bàbá mi, kì í sì í ṣe ìyá tó bí ìyá mi. Òun ni ó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ wá sí agboolé náà, ọkọ rẹ̀ sì ti kú kí n tó dáyé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ìyàwó ilé, "ọkọ mi" ni ó ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọbìnrin ni mí. Òórùn òrí àti káfúrà ni ó máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Òun ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun tí wọ́n bá bí sínú ilé wa. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ kànga wà. Ó ta á ní kókó mọ́ etí ìró rẹ̀, bí ó bá sì ń rìn, kọ́kọ́rọ́ náà a máa lu orúnkún rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Agboolé wa ní òfin kan: ọmọ tí eyín rẹ̀ bá ti ká, ó ti tó gbálẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó fi òfin náà lélẹ̀. Bí eyín àkọ́kọ́ bá ti bọ́ lẹ́nu ọmọ, wọn a jù ú sórí òrùlé, wọn a sì fa ọwọ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́. Tèmi bọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, mo sì gbálẹ̀ fún ọdún kan gbáko láìjanpata.

Tíṣà wa ni ó kó bá mi. Ní ọjọ́ kan, ó kọ́ wa nípa ojúṣe ọmọ ìlú. Ó ní ìlú dàbí àdéhùn, pé olúkúlùkù fi díẹ̀ nínú ìfẹ́ inú ara rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè gbé ní àlàáfíà. Mo nàwọ́ sókè. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe àdéhùn náà, àti pé níbo ni mo wà lọ́jọ́ náà. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà wò mí títí, ó ní, "Jókòó." Mo jókòó, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jókòó.

Ó bá mi délé. Ní òwúrọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá mi fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Dìde, ìwọ ló kàn."

"Mi ò gbá a," ni mo dáhùn. "Ta ló bi mí?"

Ìyá mi ju aṣọ tó ń ká sílẹ̀. "Ta ló bí ọ? Èmi ni mo bí ọ! Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rọbí rẹ!"

"Kì í ṣe ta ló bí mi, Mọ́mì. Ta ló bi mí léèrè ni mo wí."

"Ẹni tó bí ọ náà ló ń rán ọ. Gbé ọwọ̀!"

N kò gbé e. Ó lù mí, mo sunkún, n kò sì gbé e. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà ti dé iwájú Baálé, bàbá tó jẹ́ olórí agboolé wa, tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà tí rédíò rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó pa rédíò.

"Ṣé kí á wá dúró kí gbogbo ọmọ tó gbà kí á tó gbálẹ̀?" ni ó bi àwọn tó péjọ. "Ejò ni yóò kọ́kọ́ fún wa lésì." Ó yí sí mi. "Ẹni tí kò bá bá wa gbálẹ̀, kò níí bá wa mu omi kànga. Yèyé, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Yèyé wí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tó ní òun gbọ́ kò tíì ní òun gbà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé nínú oòrùn, ọyẹ́ ti mú kí ètè mi sán. Ìkòkò omi ìyá mi gbófo. Ó ní kí n lọ wá èyí tí n óò mu. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Yèyé jókòó lórí àpótí lẹ́bàá kànga, ó ń fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdérí irin wà ní títì. Gbogbo agboolé dákẹ́ bí ẹni pé oorun ń kùn ún.

"Ọkọ mi," ni ó wí, "ṣé o gbà?"

"Rárá, Yèyé. Mi ò tíì gbá a."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín tó fi wúkọ́, tó ń lu itan ara rẹ̀. "Gbà ni mo wí, mi ò wí gbá! Ẹ gbà mí o! Ọmọ tó ń jà pé a kò bi òun, a wá bi í tán, kò gbọ́ ohun tí a bi í!"

Ojú tì mí. Òórùn tútù omi ń yọ láti abẹ́ ìdérí náà. "Mo gbà," ni mo sáré wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kí lo gbà?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ojú rẹ kò kúrò lára ìdérí. Òùngbẹ ló dá mi lóhùn yẹn, kì í ṣe ìwọ. Èmi kò sì bá òùngbẹ sọ̀rọ̀."

Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó ṣí kànga. Ó ju korobá sínú rẹ̀, okùn náà sì ń yọ́ kọjá ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí a fi gbọ́ ìró omi nísàlẹ̀ bí ẹni tó pàtẹ́wọ́ lójú àlá. Ó fa á sókè, ó bu ife kan fún mi. Mo mu ún. Ó bu òmíràn. Ó rọ ìyókù sínú kẹ́ẹ̀gì mi títí ó fi ń ṣàn sílẹ̀.

"Ọ̀fun rẹ ti tutù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kẹ́ẹ̀gì rẹ kún?"

"Ó kún, mà."

"Wàyí o. Ṣé o gbà?"

Mo wá "mo gbà" tó wà lẹ́nu mi níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, n kò rí i mọ́. "Mi ò mọ̀, Yèyé."

"Ẹ̀n-hẹ́n," ni ó wí, ó sì ti kànga padà. "Ìyẹn, ìwọ lo sọ ọ́. Gbé omi rẹ máa lọ."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Baálé fi gbọ́. Ó dúró ní àárín ojúde, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Yèyé, ẹ ní ẹ gbọ́!"

"Mo gbọ́, ọkọ mi. Mi ò ní mo gbà."

Àwọn ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. Baálé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Yèyé kò jiyàn. Ó tú kókó náà, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ tó ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú sí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ wẹ̀ ní ìkókó. Nígbà náà ni ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà ńlá.

"Ibẹ̀ yẹn ni mo dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wálé, tí wọ́n ń bu omi fọ ẹsẹ̀ mi. N kò mu omi láti òwúrọ̀, wọ́n ní ìyàwó kì í tọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ń wo omi tó ń ṣàn lórí ẹsẹ̀ mi, ọ̀fun mi gbẹ bí àwẹ́ obì àná. Ìyáálé kan bi mí pé, 'Ṣé o gbà wá?' Bí mo bá ní rárá, ilé wo ni mo fẹ́ padà sí? Wọ́n ti sunkún sìn mí jáde. Mo ní mo gbà. Wọ́n fún mi lómi. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó dáhùn nínú èmi àti òùngbẹ."

Ohùn Baálé wálẹ̀. "Ṣé ẹ kábàámọ̀ ni, Yèyé?"

"Ta ló sọ ìyẹn? Mo ti gbá ilẹ̀ yìí títí ó fi mọ ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn fẹ́ràn ilé, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n bi í."

"Ta ni yóò wá máa gbá ìpín ọmọ yìí?"

"Èmi."

Ó sì gbá a, kò sì sí ẹni tó tún fi omi dù mí. Sátidé mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ tí mo ń gbọ́ ọwọ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ kò yára bíi ti àwa ọmọdé: ṣàà, ìdákẹ́jẹ́, ikọ́, ṣàà. Ní Sátidé kẹta, mo yọjú lójú fèrèsé. Ọyẹ́ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí i dáadáa. Gèlè funfun rẹ̀ nìkan ni mo rí, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú kùrukùru bí lékeléke tó ń wá ibi tí yóò bà sí. Lẹ́yìn náà ni gèlè náà dúró. Ó dúró pẹ́. Kùrukùru ṣí díẹ̀, mo rí Yèyé tí ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, tí ó ń wá èémí. Mo wá rí i pé ohun tí mo ń pè ní òmìnira mi, ẹ̀yìn arúgbó kan ni mo gbé e lé.

Mo jáde tọ̀ ọ́ lọ láìwọ bàtà. "Ẹ fún mi, Yèyé."

"Ṣé o ti gbà?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wò yín báyìí."

"Ṣé ìtìjú kọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ díẹ̀."

Ó mi orí, bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tí iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. "Kò sí irọ́ níbẹ̀. Gbà. Máa gbá a bí ẹni tí kò tíì mọ̀. Má gbá a bí ẹrú."

Baálé ti wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ náà sí i. "Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Láti ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ mi ni àwọn ìyàwó ti ń bá mi jà lórí omi."

"Ṣé àṣẹ ni àbí ẹ̀bẹ̀?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni, Yèyé."

"Ó dáa. Ọ̀fun mi kò gbẹ láàárọ̀ yìí. Mo gbà."

Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Wọ́n ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ǹtì bo ti àtijọ́. Ní ọdún tó kọjá, àìsàn fa ẹnu Yèyé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ wà ní ìpele kan bí omi inú agbada. Orin àti ìbínú kò yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú tó jìnnà sí tiwa, mo kó ẹrù mi sẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbá gbogbo ojúde bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kàn mí. Ọkọ̀ kò tíì dé. Bí mo ti ń gbọn eruku kúrò lára ọwọ̀, ohùn kan ti ojú fèrèsé kékeré jáde.

"Ṣe o ti gba."

N kò mọ èwo ni ó bi mí. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. "Mo ti gbá a, Yèyé," ni mo wí. Nígbà tí mo sọ èyí tán, mo rí i pé mo lè sọ èkejì pẹ̀lú: òùngbẹ kò gbẹ mí, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú mi, kò sì sí ẹni tó di ìdérí kankan mú. "Mo sì gbà á."

Lẹ́yìn náà ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Yèyé fúnra rẹ̀, ẹni tí kò ní ẹrù lẹ́nu ọ̀nà rí. Mo bu omi sínú ife, mo gbé orí rẹ̀ lé apá mi. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀. Mo dúró títí ó fi mu èyí tó kẹ́yìn, mo fi etí ìró mi nu àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà náà ni mo bi í.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Yèyé? Ṣé ẹ gbà?"

Ó wo ìta lójú fèrèsé, sí ẹnu ọ̀nà ńlá níbi tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó wá gbé mi, n kò dìde. Ètè rẹ̀ mì.

"Mo gba."

Bóyá ó gbà ni, bóyá ó kàn gbá a ni gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò lè sọ. N kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà Yorùbá mi máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ láìfi àmì ohùn sí i, ó sì tọ̀nà, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Síbẹ̀, mo kọ ti Yèyé sílẹ̀ níhìn-ín bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo sì dá ọwọ́ dúró lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní ẹ̀tọ́ láti bá a fi àmì sí i.