Bọ́ọ̀lù Tí Ọ̀sà Gbé Lọ

Ó ti rẹ̀ mí kí wọ́n tó fi mí ṣe kóòṣì. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣe báàkì fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa l'Ọ̀jọ́, láti ẹ̀yìn ogun àwọn òyìnbó, ẹsẹ̀ lásán la sì fi ń gbá a. Ta ló ń yin báàkì? Ẹni tó gbá gólù wọlé ni wọ́n ń gbé sí èjìká. Èmi tí mo fi ojúgun dá bọ́ọ̀lù dúró, ìyàwó mi nìkan ló ń bá mi fi omi gbígbóná jó o nílé.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní. Etí ọ̀sà ni pápá wa wà, bọ́ọ̀lù kan péré la sì ní. Bí a bá ti ń na àlejò, tó wá kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí, màá kàn gbá bọ́ọ̀lù sómi ni. Kí ọlọ́kọ̀ tó wà á lọ, kó gbé e dé, àsìkò ti lọ. Àwọn ará Ìbà bú mi títí, n ò wojú wọn.

Ìjànìkin nìkan lọgbọ́n yìí ò ṣiṣẹ́ fún, torí a ò ṣíwájú wọn rí. Nígbà tí orúnkún mi wá kọ̀, tí mo di kóòṣì, mo sọ fún ìyàwó mi pé kí n ṣáà na Ìjànìkin lẹ́ẹ̀kan péré, màá wá jókòó sílé. Ó ní kí n tètè nà wọ́n, ó ti sú òun náà.

Wọ́n wá bá wa l'Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ kan, a sì gbá gólù kan wọlé. Wọn ò rí tiwọn gbá. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ká wa mọ́lé. Mo pariwo sí báàkì wa, apẹja kan tí èmi fúnra mi kọ́, pé kó gbá a sómi. Ó wo ọ̀sà, ó wò mí. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, ni mo bá tún pariwo. Ó gbá a.

Omi ń fà lọ sókun lọ́jọ́ náà. Ọlọ́kọ̀ wà á títí, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. A dúró létí omi, à ń wo bọ́ọ̀lù wa bó ṣe ń kéré sí i. Rẹfirí dúró, ó dúró, ó ní àwa tá a gbàlejò ló yẹ ká pèsè bọ́ọ̀lù tí a ó fi parí ìdíje. Òun ò lè ka eléyìí sí, ká lọ tún un gbá ní Ìjànìkin.

Inú bí mi. Mo lọ bá báàkì mi, mo ní, “Ìwọ apẹja, o ò rí i pé omi ń fà ni?”

Ó ní, “Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbá a, mo sì rò pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.”

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi ò dúró gba tẹnikẹ́ni. A lọ sí Ìjànìkin, níbi tí kò sí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, gólù mẹ́rin ni wọ́n fi nà wá. Mo fi iṣẹ́ kóòṣì sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. N ò na Ìjànìkin títí dòní.