Ojú Kọ̀ǹpútà Tí Kì í Purọ́

Aláwọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀dọ́bìnrin yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ fa orúkọ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kọjá níwájú rẹ̀, á dá onítọ̀hún dúró, á ní kì í ṣe àwọ̀ ewé gidi nìyẹn, pé aró ti wọ inú rẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni títún àwọ̀ fídíò ṣe. Àwọn ayàwòrán á gbé fídíò wá bí wọ́n ṣe yà á, ojú ọ̀run á funfun jù, ojú èèyàn á ṣú bíi pé iná ti lọ, Aláwọ̀ á sì jókòó tì í títí ohun gbogbo yóò fi bọ̀ sípò. Yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ télọ̀, ló ti ń ṣe é. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. N kò bá a wí fún ìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ tán tí wọ́n tún ń ṣe ojú àánú bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló máa ń sú mi.

Iṣẹ́ kan ló wá dójú tì í. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan gbé fídíò ọ̀gá wọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì fún un. Màdáámù yìí dúdú, ó dúdú dáadáa, ojú kọ̀ǹpútà tí Aláwọ̀ sì ń lò ti gbó, ó ti ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó fura. Ohun tí òun rí ni pé ojú màdáámù kò hàn, ló bá ń da ìmọ́lẹ̀ sí i. Ó dà á sí i, ó tún dà á sí i, títí ojú náà fi dùn ún wò. Ó gbé e lọ síléèwé kí màdáámù kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ọ́fíìsì, obìnrin pupa kan sì jáde síbẹ̀, ó ń fi ohùn màdáámù sọ̀rọ̀.

Màdáámù kò pariwo. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì.

“Ṣé mo bóra ni?”

“Rárá o, mà. Ẹ má bínú, mà. Ó jọ pé tẹlifíṣọ̀n yìí ni…”

“Má tì í sí tẹlifíṣọ̀n mi lọ́rùn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi àwọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sì fi nǹkan kan para rí. Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ lo wá fẹ́ gbé mi síwájú àwọn ọmọ bí ẹni tó ń para? Lọ tún un ṣe. Tí ojú tó bá jáde lọ́jọ́ ayẹyẹ kì í bá ṣe tèmi, màá ní kí wọ́n pa á níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn.”

Aláwọ̀ délé. Ó ro ẹjọ́ fún ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń retí kí ìyá gbè é.

“Ìwọ lo jẹ̀bi,” ni ìyá wí, kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́. “Tí mo bá fẹ́ yan òwú fún aṣọ, ṣé inú òkùnkùn ni mo ti ń yàn án? Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ni mo máa ń gbé aṣọ lọ, kí n gbé òwú lé e lórí? Kí lo gbé ojú màdáámù lé?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára: ojú kọ̀ǹpútà òun tó ti ṣókùnkùn ló ń purọ́ fún òun. Ojú kọ̀ǹpútà tí àwọn onísinimá ńláńlá ń lò wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á á kọ́kọ́ ta ilé. Ó ní láti wá èyí tápá òun ká, tí kò sì ní purọ́ fún òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ya fídíò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ó kó o sínú fúláàṣì, ó sì ní kí ìyá wọ bàtà kí wọ́n jọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà náà lẹ́nu dídùn. Èyí tó fẹ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ mú wọn lọ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ojú ìyá jáde, ó ń kọ mànà, eyín rẹ̀ funfun bí abọ́ tánganran.

“Ẹ wo bó ṣe ń dán, Màmá.”

“Mo rí i,” ni ìyá dáhùn. “Ta nìyẹn?”

Aláwọ̀ gbé àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ó ní kí ìyá jókòó tì í. Ó wo ojú ìyá, ó wo ti inú fídíò, ó mi orí. Lórí èkejì, ìyá pupa bí ẹni tó ń bínú. Lórí ẹ̀kẹta, ó rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí àìsàn dìde. Bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí láti ìdí ọ̀kan dé ìdí òmíràn ni àwọn oníbàárà ń fi ohun tí wọ́n wá rà sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn kiri. Ẹnu dídùn ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

“Àǹtí, kí lẹ ń wá gan-an?”

“Ìyá mi ni mò ń wá.”

Ọ̀kan ṣẹ́ kù ní kọ̀rọ̀, ó nípọn, kò fẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dán. Ọmọkùnrin náà ní ilé ìtẹ̀wé kan ló lò ó kù, pé kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀. Wọ́n tàn án. Ìyá jáde síbẹ̀ bó ṣe jókòó gan-an: dúdú rẹ̀, pípọ́n díẹ̀ tó wà lábẹ́ dúdú náà, àti ibi tí awò ojú ti fi àpá sí lórí imú rẹ̀. Ìyá tẹ̀ síwájú, ó wò ó títí, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

“Ṣé mo ti wá darúgbó tó báyìí ni?”

“Èyí la máa gbé,” ni Aláwọ̀ wí.

Ìyá rán kọ́tìnì nínípọn aláwọ̀ eérú sí fèrèsé òkè, kí oòrùn má baà máa dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Aláwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí tó ń ríran, ó rí i pé nǹkan kan kò ṣe ojú màdáámù. Ògiri funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò fọwọ́ kan ojú náà, ìmọ́lẹ̀ ògiri ló dín kù, ojú sì yọ jáde fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò ó, orí rẹ̀ wú, ó sì pe ìyá rẹ̀ kó wá wò ó. Mo ti sọ pé Aláwọ̀ mọ iṣẹ́.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, gbọ̀ngàn kún. Aláwọ̀ dúró ti wáyà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára màdáámù tó jókòó níwájú. Fídíò bẹ̀rẹ̀. Màdáámù jáde sí ara ògiri, dúdú, ó jinlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì bà lé iwájú orí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ń pe orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ ń retí kí ó na ọwọ́ sókè kí wọ́n pa á. Kò nà án.

Nígbà tí èrò ń túká, màdáámù wá bá a níbi tó ti ń ká wáyà.

“Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, ṣé o lè bá mi yọ ọ́ kí o tẹ̀ ẹ́ ní fọ́tò ńlá?”

“Mo lè yọ ọ́, mà. Ṣé ọ́fíìsì lẹ fẹ́ gbé e kọ́ sí ni?”

“Pálọ̀ mi ni. Fọ́tò ọkọ mi wà níbẹ̀, tàwọn ọmọ mi wà níbẹ̀. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé tèmi kọ́ síbẹ̀ rí.” Ó tún aṣọ rẹ̀ tò, ó ti ń lọ kó tó yíjú padà. “Jẹ́ kó tóbi ju ti bàbá wọn lọ.”